Ìyá Síìpù àti Ìwé Ara Ògiri

Ìyá Síìpù, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, aránṣọ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba ìpè pàjáwìrì, ti ní àga méjì báyìí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ti ń jókòó lé nídìí máṣíìnì rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, tí ó fi àjákù aṣọ tẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. Èkejì dé ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ó ní táyà lábẹ́, ó ń yí bí òòyì, inú yàrá àwọn agbàpè ló sì wà. Nígbà tí Ìyá Síìpù kọ́kọ́ jókòó lé e, àga náà yí i, ó di pé ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn. Ó pariwo pé, "Ẹ gbà mí o! Ẹṣin yìí fẹ́ gbé mi sá lọ!" Àwọn agbàpè rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan nínú wọn fi ní láti bẹ olùpè kan pé kó má bínú.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Awakọ̀ ọkọ̀ pàjáwìrì kan ló sọ ọ́ ní Ìyá Síìpù ní ọdún kejì tó débẹ̀. Ìpè ti dé, awakọ̀ ti dìde, àfi bí síìpù ẹ̀wù rẹ̀ ṣe há sí àárín àyà, tí kò gòkè, tí kò sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ fi ọṣẹ gbígbẹ pa á lẹ́ẹ̀mejì, síìpù yọ̀ bọ̀rọ́ bí ẹja, awakọ̀ bá eré lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún yunifọ́ọ̀mù àwọn tó ń bá ọkọ̀ pàjáwìrì lọ ṣe: orúnkún ṣòkòtò tó ti ya nítorí ìkúnlẹ̀, àpò tí sísọ́ọ̀sì ti lu jáde, àti ọ̀já tó ń dán tí iná mọ́tò fi ń rí wọn lójú pópó. Ó máa ń sọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi pa mọ́ fún òun nílé iṣẹ́ náà, nítorí orúnkún ṣòkòtò kì í purọ́. Yàrá tó ti ń ṣe é kéré. Ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀. Fèrèsé kan ló ní, àti ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń se omi tíì, èyí tí kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo àjà náà. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló là á láàárín àti yàrá àwọn agbàpè. Bí tíì bá wù wọ́n lọ́hùn-ún, wọn á kan pákó náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní pẹ́ tí Ìyá Síìpù á fi yọ pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Ìlú náà tóbi, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ sì ju mẹ́wàá lọ. Èdè ìjọba ni gbogbo agbàpè ń sọ, àwọn mìíràn sì gbọ́ èdè kan tàbí méjì mọ́ ọn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ àwọn Yorùbá pọ̀ ní ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, pàápàá jù lọ àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn ti lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ń ṣọ́lé. Nítorí irú wọn ni ilé iṣẹ́ ṣe ní kí ọ̀mọ̀wé kan kọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri níwájú agbàpè kọ̀ọ̀kan. Èdè kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ohun tó wà lórí ìlà Yorùbá ni pé, "Ẹ kú o. Ṣé àlàáfíà ni?" Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé bí olùpè bá ti sọ pé àlàáfíà ni tàbí a dúpẹ́, a jẹ́ pé kò séwu, kí agbàpè pa ìlà dé kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú Yorùbá ìwé náà. Àmì ohùn pé, ọ̀rọ̀ gún. Ọdún mẹ́ta ló sì fi wà lára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, Ìyá Síìpù ń rán apá ẹ̀wù awakọ̀ kan. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, ó ku kó ki í sábẹ́ abẹ́rẹ́, ni wọ́n bá kan pákó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé ẹ̀wù náà lé èjìká, ó bu tíì, ó fi ṣúgà méjì sí i, nítorí ó mọ ọwọ́ tó kan pákó. Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ẹlẹ́rìn-ín ni agbàpè tó jókòó súnmọ́ pákó jù lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kì í lè sọ gbólóhùn méjì kí eyín rẹ̀ má hàn. Ní ọjọ́ yìí, eyín rẹ̀ kò hàn rárá.

Ó gba ife tíì, ó gbé e sílẹ̀ láìwò ó. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe tíì ni mo tìtorí ẹ̀ kan pákó. Obìnrin Yorùbá kan, bíi tiyín, ló ń pè. Ìgbà kẹta rèé. Àwọn tó gba méjì àkọ́kọ́ bi í ní ohun tó wà nínú ìwé, ó ní a dúpẹ́, wọ́n sì pa á dé. Èmi náà bi í, ó tún ní a dúpẹ́. Àmọ́ mò ń gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Ta ló ń dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn olùpè sì gba inú yàrá kan. Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni, ó ń rọra jáde, ó lọ́wọ̀ nínú.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin èèyàn ibẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu."

Ìyá Síìpù mọ òfin ilé iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn: ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ bá olùpè sọ̀rọ̀. Ó mọ obìnrin tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ rí, tó gbé fóònù lọ́jọ́ kan nítorí pé ó ń dún tí kò sẹ́nìkan nítòsí. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Ìyá Síìpù wo òkè ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó tún gbọ́ ayùn yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá."

Ohùn ọ̀hún yí padà.

"Háà! Ta nìyẹn? Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Yéè, bàbá àwọn ọmọ ni o! Wọ́n ń gé òdòdó lẹ́yìnkùlé ni oyin ta wọ́n lọ́rùn. Ojú ti wú, ètè ti wú, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Ṣé ò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí? Mo ti pe àwọn ará ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì pa fóònù dé mọ́ mi létí."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé àlàáfíà ni."

"Kí ni kí n sọ? Wọ́n kí mi, mo dá wọn lóhùn! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ni kí n da ẹkún bò wọ́n, bí ẹni tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ni."

Ìyá Síìpù yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ìka Ẹlẹ́rìn-ín ti ń sáré lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ti ń pè, ìyẹn nìkan ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn mí. Mo fẹ́ nọ́mbà ilé àti orúkọ bàbá."

"Màmá, kí lorúkọ bàbá?"

"Bàbá àwọn ọmọ."

"Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an, mà."

"Ọmọ yìí, ṣé èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ ni? Ọdún kọkànléláàádọ́ta rèé, n ò là á mọ́ wọn lórí rí. Ṣé òní tí ọ̀fun wọn ń dí ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Síìpù sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé, "Kọ 'Bàbá Àwọn Ọmọ' síbẹ̀." Ẹlẹ́rìn-ín kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

"Nọ́mbà ilé yín ńkọ́, mà?"

"N ò mọ̀wé, ọmọ mi. Ilé aláwọ̀ ewé ni, tí ajá kan máa ń sùn síwájú ẹ̀."

"Nọ́mbà á wà lára ilẹ̀kùn níta. Ẹ mú fóònù dání, ẹ yọjú wò ó, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe rí fún mi."

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe dún. "Méjì ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ dà bí àga tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wá kọjú sókè. Èkejì dà bí òrùka méjì tí ọ̀kan gun èkejì lórí."

Ẹni tó ti fi ogójì ọdún gé aṣọ kì í pẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí. Ìyá Síìpù kò ríwèé nítòsí, ó na ẹ̀wù awakọ̀ sórí tábìlì, ó fa ṣọ́ọ̀kì yọ lápò, ó ya àga tó dojú dé, ó ya òrùka méjì tó gun ara wọn. Òun àti Ẹlẹ́rìn-ín jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù náà: méjìdínláàádọ́ta ni.

Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Òpópónà mẹ́ta ló ní méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn ibùdó yẹn."

"Màmá, bẹ́ ẹ ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí lẹ̀ ń rí lọ́ọ̀ọ́kán?"

"Ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, àti ọkùnrin tó máa ń gé kọ́kọ́rọ́. Òun náà ló ń wò mí yẹn. Ẹ kú ọ̀sán o!"

"Màmá! Ẹ má kí i! Ẹ wọlé lọ bá bàbá." Ó yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Agékọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Òun ló gé kọ́kọ́rọ́ àpótí máṣíìnì mi. Òpópónà àárín ni."

Ọkọ̀ pàjáwìrì gbéra. Ó wá ku ohun tí wọ́n máa ṣe kí ó tó débẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ń ka ìlànà lójú kọ̀ǹpútà, Ìyá Síìpù sì ń sọ ọ́ di Yorùbá. Kò túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

"Ẹ gbé wọn jókòó, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ o."

"Wọ́n ti jókòó. Mo ti bu omi tútù fún wọn."

"Ẹ gbé omi yẹn jìnnà! Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mu. Ṣé abẹ́rẹ́ oyin ṣì wà lọ́rùn? Ẹ fi èékánná ha á kúrò, ẹ má fún un pọ̀. Ẹ tú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn."

"Bọ́tìnnì ò fẹ́ jáde."

"Ẹ já a!"

"Kí n já a kẹ̀? Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ jáde ni o!"

"Màmá, ẹ já a dànù. Aránṣọ ni mí. Màá bá wọn rán òmíràn sí i."

Wọ́n gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe já, tó ta lu nǹkan, tó sì yí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n dúró lọ. Ìyá Síìpù ní kí màmá máa ka èémí bàbá sí òun létí. Màmá ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá fẹ́ dánu dúró, Ìyá Síìpù á ní, "Mò ń gbọ́ yín mà. Èmi àti ẹ̀yin la jọ wà níbẹ̀." Gbogbo agbàpè tó lè yíjú ti yíjú sí wọn. Nígbà tí wọ́n ka èémí dé àádóje, fèrè ọkọ̀ pàjáwìrì gba inú fóònù jáde. Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn, ajá ń gbó, màmá ń ké pé, "Wọ́n ti dé o! Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ kú ìrìn o!"

Àwọn tó wá gún bàbá ní abẹ́rẹ́ kan ní itan. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ní yàrá agbàpè ló gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó há, tó ń béèrè lọ́nà jíjìn pé, "Ta ló já bọ́tìnnì mi?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín, Ẹlẹ́rìn-ín sì sunkún. Ìyá Síìpù gbé tíì tó ti tutù, ó mu ún tán fúnra rẹ̀, ó padà sídìí máṣíìnì. Ó gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà mẹ́fà, kò wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kọ̀wé sí i pé kí ó yọjú sí ọ̀gá ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọkọ rẹ̀, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n máa lé ẹ."

"Wọn ò kọ ọ́ pé wọn ò ní lé mi náà."

"Tí wọ́n bá lé ẹ, wá máa rán ṣòkòtò mi. Ọdún méje rèé tí mo ti gbé e fún ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè jẹun. Ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń wá aránṣọ tó ti fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún.

Obìnrin ni ọ̀gá wọn, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀. Wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán. Fáìlì kan wà níwájú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín náà wà níbẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Èdè ìjọba ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀gá ní, "Ta ló gbà ọ́ láàyè láti bá olùpè sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó gbà mí láàyè, mà. Ọ̀fun bàbá ló ń dí."

"A ní ìwé fún èdè yín. Ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́. Kí ló wá ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é, mà. Ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀ ni kò sẹ́nìkan nínú wa tó lè dáhùn ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́."

Ọ̀gá ṣí fáìlì. Ó ní láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn Yorùbá ti pe ilé iṣẹ́ náà ní igba ìgbà ó lé méjìlá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ àlàáfíà sí. Ó fi ìka tẹ ojú ìwé kan. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún tó kọjá pé nínú gbogbo ẹ̀yà tó wà nílùú, àwọn Yorùbá ni ara wọn le jù lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín wo ilẹ̀. Ìyá Síìpù náà wo ilẹ̀. Ohun tí ìròyìn náà kò sọ, àwọn ará ẹ̀yìn ibùdó mọ̀ ọ́n: wọ́n ti ń gbé aláìsàn wọn lọ sílé ìwòsàn nínú ọkọ̀ aládùúgbò, wọ́n sì ti fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ti ọkùnrin kan tó ṣẹ́sẹ̀ lọ rí. Wọ́n ti gbà pé àwọn agbàpè kò fẹ́ràn àwọn ni.

Ọ̀gá yọ ìwé ara ògiri láti inú fáìlì. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ka ìlà Yorùbá rẹ̀ sókè bí ẹni ń rìn lórí òkúta gbígbóná: "Ẹ kú o. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ìyá Síìpù, tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti rin, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹsẹ̀ máṣíìnì, tẹ orúnkún ba díẹ̀, ó ní, "Àlàáfíà ni o, a dúpẹ́ mà. Ẹ kú iṣẹ́."

Ọ̀gá wo bó ṣe ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka. Ó bọ́ awò ojú. Ó padà sí èdè ìjọba, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé àlàáfíà ni?"

"Rárá o, mà! Ọkàn mi fẹ́ já bọ́. Mi ò tíì jẹun láti àná. Mo rò pé ẹ fẹ́ lé mi lọ sílé ni."

"Kí ló dé tó o wá sọ fún mi pé àlàáfíà ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kí mi, mà."

Ohùn kan jáde láti ọ̀fun ọ̀gá bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìgò. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì, agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú ogún sì ni. Ẹlẹ́rìn-ín sọ lẹ́yìn náà pé òun wo aago kí òun lè rí ẹ̀rí mú dání.

Nígbà tí ọ̀gá nu ojú rẹ̀ tán, ó mú gègé ìkọ̀wé. "Kí wá ni ká máa sọ?"

"Ẹ ní 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o.' Bẹ́ ẹ bá kí wa, àwa náà á kí yín, a ò sì ní tètè tán. Àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá ní pẹ̀lẹ́ fún ti mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Fúnra ẹ̀ ni á bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ bi í pé níbo ló wà."

"Gbólóhùn méjì péré?"

"Méjì ti tó, mà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ fóònù ò lójú. Ká ní ẹ rí màmá yẹn ni, ẹ ò ní béèrè àlàáfíà."

Wọn kò lé e. Ọ̀gá ní òfin ṣì jẹ́ òfin: ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ bá olùpè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí Ìyá Síìpù lọ gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òun lè bí. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń dán irin gbígbóná wò. Nígbà ìdánwò, olùkọ́ ṣe bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ó ń pariwo, Ìyá Síìpù sì bẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí olùkọ́ fi gbàgbé ara rẹ̀, tó sọ àdírẹ́sì ilé tó ń gbé gan-an. Ó yege. Ọkọ rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó ní, "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lo fi ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹ níwèé ẹ̀rí ẹ̀."

Báyìí, ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń jókòó sórí àga tó ń yí. Àwọn ọjọ́ yòókù, ó wà nídìí máṣíìnì, wọ́n sì ń kan pákó bí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ìkànkàn mẹ́ta ṣì jẹ́ ti tíì. Mẹ́rin ni ti Yorùbá. Gbogbo agbàpè ló ti kọ́ "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún sójà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, ìpè Yorùbá mọ́kànlá ló wọlé, kò sì sí ẹyọ kan tí wọ́n kọ àlàáfíà sí. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n má fi ìyẹn sínú ìròyìn ọdún láìṣàlàyé, kí àwọn èèyàn má baà rò pé àrùn dé.

Awakọ̀ tó ni ẹ̀wù kò jẹ́ kí wọ́n fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Síìpù ti fi òwú funfun rán orí ṣọ́ọ̀kì náà, àga tó dojú dé àti òrùka méjì, awakọ̀ sì ń wọ̀ ọ́ káàkiri ìlú. Ní ilé ìwòsàn, káàdì bàbá olóyin ṣì ń jẹ́ Bàbá Àwọn Ọmọ. Wọ́n ní kí ó wá tún un ṣe, ó ní kò sóhun tó ṣe é.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, Ìyá Síìpù máa wà nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tó dojú kọ ilé agékọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbàlagbà ẹ̀yìn ibùdó ń bọ̀ wá fi ìpè pàjáwìrì dánra wò. Ó máa kọ ẹ̀yìn sí wọn, nítorí pé fóònù kò lójú, wọn á sì máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kí i kó tó sọ ibi tó wà á padà sẹ́yìn ìlà. Màmá olóyin ló ti gba ipò kìíní. Ó ti ránṣẹ́ pé òun mọ nọ́mbà ilé òun lórí báyìí, pé òun máa sọ ọ́ kíá, àmọ́ bí òun bá sọ ọ́ tán, òun máa kí aránṣọ náà dáadáa, kò sẹ́ni tó máa dá òun dúró. Bàbá náà ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún aránṣọ pé òun máa mú ṣẹ́ẹ̀tì dání.

Bọ́tìnnì òmíràn tí Ìyá Síìpù ṣèlérí ti wà nínú àpò rẹ̀ láti àná, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan tó ti ki òwú bọ̀ sílẹ̀.